Owó Oníhò Tí Ìyá Àgbà So Mọ́ Mi Nídìí

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ohunkóhun tí àgbàlagbà bá so mọ́ mi lára, mi ò ní bèèrè ohun tó jẹ́, Jẹ́dà ni à ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé Jẹ́dà tí ẹ̀ ń rí nínú fóònù yín ni mò ń wí. Jẹ́dà ìgbà tiwa, kí ọdún 2000 tó wọlé, láti inú ilé ni ọmọbìnrin ti ń mọ̀ ọ́n. Ẹnjiníà ni bàbá mi, iṣẹ́ àdéhùn ló gbé e débẹ̀. Bó bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, yóò gbé mi dé ilé-ìwé, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ màmá mi, yóò sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Kì í ṣe pé ó rorò. Ẹ̀rù ló ń bà á. Màmá mi tó jẹ́ pé ó ń fi mọ́tò tirẹ̀ la Ìbàdàn já kí a tó kúrò nílé, ó wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Fèrèsé wà nílé wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ti lẹ bébà dúdú mọ́ ọn kí ojú ará ìta má baà wọlé. Bí oòrùn bá ràn, a máa ń gbọ́ ni.

Bí ẹ bá rò pé tiwa le, ẹ kò tíì gbọ́ ti ìyá tó bí màmá mi. Mẹ́kà ni Ìyá àgbà ń gbé, ní àdúgbò Kúdáì, nínú yàrá kan ṣoṣo. Ó wá ṣe Hájì kí wọ́n tó bí mi, ó sì gbàgbé láti padà sílé. Ọ̀rọ̀ “gbàgbé” yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lò ó, a kì í sì í já àgbà nírọ́. Ìwé rẹ̀ ti kú tipẹ́. Kí ènìyàn tó lè jáde kúrò nílùú náà nígbà yẹn, ó gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ ìjáde, òǹtẹ̀ ìjáde kò sì sí láìsí kàfíìlì, ìyẹn onígbọ̀wọ́ ẹni. Ìyá àgbà kò ní kàfíìlì kankan àfi Ọlọ́run. Bó bá sì gba ojú ọ̀nà Jẹ́dà, àwọn ọlọ́pàá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yẹ ìwé wò. Nínú Mẹ́kà ló ti ń yí po bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Tẹ̀sùbáà ló ń sín tà fún àwọn tó wá ṣe Hájì, ọdọọdún ló sì máa ń sọ pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀ òun ń lọ sílé. Ọdún tó ń bọ̀ yẹn kò dé rí.

Ẹnì kan wà tí wọ́n jọ wà nínú ìgbèkùn yìí. Ìyá arúgbó kan ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, mùsùlùmí ni, ará Ṣáínà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá ṣe Hájì nígbà tí ara wọn ṣì le. Ọkọ kú sí Mẹ́kà, nǹkan yí padà nílùú wọn, ọ̀nà ilé sì dí mọ́ ọn. Ìyá Ṣáínà ni mo máa ń pè é. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Lárúbáwá tí wọ́n jọ mọ̀ kò ju èyí tí a fi ń ná ata lọ́jà lọ, síbẹ̀ wọn a jókòó láti àsárì títí di mágàríbì, wọn a máa sọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Obìnrin méjì tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnì kẹta, wọn ò wá ògbufọ̀.

Nígbà tí Ìyá Ṣáínà dùbúlẹ̀ àìsàn, Ìyá àgbà ló wẹ̀ ẹ́, òun ló bọ́ ọ. Ìyá náà kò bímọ, kò sì ní ìbátan kankan nítòsí. Kí ó tó kú, ó fa ìdì aṣọ kan lé Ìyá àgbà lọ́wọ́ níṣojú àwọn aládùúgbò, ó ṣe àpèjúwe pé kó máa jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Ìyá àgbà tú u, owó idẹ ló bá níbẹ̀, pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò láàárín.

Ibí ni àṣìṣe ti wọlé, àṣìṣe tí ará ibòmíràn kò lè ṣe. Ìyá àgbà rí ihò yẹn, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọ̀nínì rèé. Ẹ̀yin kò mọ ọ̀nínì. Owó kékeré oníhò tí àwọn òyìnbó kó wá sílẹ̀ wa láyé àtijọ́ ni. Ìyá tó bí Ìyá àgbà a máa sín in mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kí ìdí ọmọ má baà ṣófo. Lójú Ìyá àgbà, owó tí Ọlọ́run bá dá ihò sí láàárín, ó fẹ́ kí wọ́n sín in ni. Pé ihò ọ̀nínì rí róbótó, pé ti eléyìí ní igun mẹ́rin, ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán yinrin, ó sín wọn pọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, nígbà tí a sì lọ kí i ní bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìsinmi Hájì, ó so ó mọ́ mi nídìí. Màmá mi dúpẹ́ títí. Bàbá mi kò mọ nǹkan kan. Kí ló fẹ́ wá dé ìdí ọmọbìnrin?

Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ni mò ń lọ. Bí àkókò ìrun ọ̀sán bá tó, a ó tò sínú gbọ̀ngàn, gbogbo ibẹ̀ á pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ okùn náà lọ, a nàró, kò sí nǹkan. A tẹ̀ ba fún rúkúù, ìdí mi dún: ṣinrin. A forí kanlẹ̀: ṣinrin-ṣinrin. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ki ẹnu bọ ẹní, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti dìde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ru ẹyin, ìyẹn ló wá dún gùn jù. Kí a tó sálámà parí ìrun, gbogbo ilé-ìwé ti mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà kan wà láàárín wọn tó ń dún.

Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ mudíírà, ọ̀gá ilé-ìwé wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Ó yẹ okùn náà wò yí ká. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó nípọn, tí wọ́n ya àwòrán ìkúùkuu àti àdán sí lẹ́yìn, ó yọwọ́ bí ẹni tí iná jó. Ó bi mí pé kí lèyí. Mo ní owó ni. Ó ní owó ìlú wo ló ń ya àdán.

Ó ránṣẹ́ pe bàbá mi. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ wọ ọgbà wa, nítorí náà ẹnu géètì ni bàbá mi dúró sí nínú oòrùn, tí bàbá tó ń ṣọ́ géètì ń gba ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gba ọ̀rọ̀ bọ̀. Ohun tí mudíírà wí kò ṣòro láti gbọ́. Kí n lọ jókòó sílé títí ìsinmi Hájì yóò fi parí. Lọ́jọ́ tí a bá wọlé padà, kí wọ́n mú okùn náà wá bó ṣe wà, kí ẹni tó so ó mọ́ mi wá, kó sì wí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́. Bó bá jẹ́ owó, kò sẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ oògùn, kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ni ọ̀rọ̀ náà yóò parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín. Nílùú yẹn, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn ṣeré. Bí wọ́n bá ní o lọ́wọ́ sí i, pípàdánù iṣẹ́ ni ó fúyẹ́ jù nínú ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Bàbá mi fẹ́ ju okùn náà sínú òkun lọ́jọ́ náà gan-an. Màmá mi ló dì í mú, ó ní mudíírà ti rí i, bí a bá lọ lọ́wọ́ òfo, wọn á ní a ti lọ fi pa mọ́. A kò lè sọ ọ́ nù, a kò lè tọ́jú rẹ̀, ẹni tó so ó kò sì lè gba ojú ọ̀nà Jẹ́dà kọjá. Bàbá mi fẹ́ bínú sí Ìyá àgbà, ṣùgbọ́n àna ẹni kò ṣeé bú. Nígbà tí a dé Kúdáì, ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Mo ti rí onírúurú ìbínú láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó tún dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n fi èmi àti okùn sílẹ̀ níbẹ̀, kí ojú àwọn ará ilé wa ní Jẹ́dà má baà tó mi, kí Ìyá àgbà sì wá ẹni tó lè sọ ohun tó fi sọ́rùn wa. Bó bá ń lọ tajà, yóò fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà láti ìta. Okùn wà nínú àpótí, èmi wà lórí àpótí. Yàrá náà ń rùn fún igi tẹ̀sùbáà. Ẹ̀rọ atútù tó wà lára ògiri ń kùn bí arúgbó tí wọn ò fún lẹ́ran. Fèrèsé kékeré onírin kan wà lókè. Bí mo bá dúró lórí àpótí, tí mo na ọrùn, mo lè rí òpópónà. Gbogbo ayé ń rọ́ wá sí Mẹ́kà, wọ́n ń gba abẹ́ fèrèsé mi kọjá, èmi tí mo wà ní Mẹ́kà gan-an kò rí ju fìlà wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Ìyá àgbà a tẹ́ àwọn owó náà sórí ẹní. A rí i pé ọ̀pọ̀ wọn jọra: àmì mẹ́rin níwájú, ọ̀kan lókè ihò, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lẹ́yìn wọn, ìkọ̀wé mìíràn wà tó lọ́ bí òwú tó já. Lẹ́yìn ọ̀kan báyìí tó pupa ju ìyókù lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú jíjá yẹn, mo rí lẹ́tà Lárúbáwá. Mo sípẹ́lì rẹ̀, ó kà báyìí: Akusu. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ní ṣé mo rí i báyìí pé owó mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n tí ojú wa bá kan aládàán yẹn, yóò kan kó wọn padà sínú aṣọ.

Lọ́jọ́ kan, Hájì ti parí, bọ́ọ̀sì kan dúró síwájú ilé tó wà lódìkejì. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ dé fìlà funfun, ife onídèérí wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn, ewé tíì ń léfòó nínú rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Mo ní, “Ìyá àgbà, àwọn ará ilé Ìyá Ṣáínà ti dé o.” Tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ já, gbogbo rẹ̀ tú ká sílẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ ṣà á.

Bí mo ṣe jáde nínú yàrá nìyẹn. Ìyá àgbà ki ìdì aṣọ náà bọ àyà, ó dì mí lọ́wọ́ mú bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé mi lọ. Lèmọ́mù kan wà láàárín wọn, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n tín-ínrín. Lárúbáwá inú ìwé kéwú ló ń sọ, ó gún régé. Ti ojú títì Jẹ́dà ni èmi fi ń dá a lóhùn, àfi bí ìgbà tí ọba ń bá ọmọ asùnta sọ̀rọ̀. Ohun tó bá sọ, màá sọ ọ́ ní Yorùbá fún Ìyá àgbà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi wá ni pé ta ló fọ̀ wọ́n. Ìyá àgbà ní kí n sọ fún un pé òun kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí kan ara ọmọ òun. Bàbá náà mi orí, ó ní ìdọ̀tí tí wọ́n fọ̀ dànù yẹn ni ẹ̀rí ọjọ́ orí wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo igun ihò kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọsàn wẹ́wẹ́ kò dé, bóyá ìpẹtà àwọ̀ ewé àtijọ́ ṣì kù níbẹ̀.

Ó ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn tó ní àmì mẹ́rin, ó ní orúkọ ìjọba ọba tó rọ wọ́n ló wà lára wọn, òwú jíjá tó wà lẹ́yìn sì ni ìkọ̀wé àwọn ẹ̀yà tí ọba náà ti wá, ó ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ wọ́n. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, àmì rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ayédèrú nìyẹn, ayédèrú àtijọ́ ni ṣá. Nígbà tó kan èyí tó pupa, ojú rẹ̀ là. Akusu, ó ní ìlú àwọn mùsùlùmí ni, lọ́nà jíjìn ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn.

Ó mú aládàán. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní kò sórúkọ ọba kankan lára èyí. Ó ní ká wò ó, ara owó máa ń jẹ yí ká nítorí ọwọ́ púpọ̀ ló ń gbà á kọjá. Ibì kan ṣoṣo ni èyí ti jẹ, lókè ihò rẹ̀, níbi tí okùn ti ń fà á. Wọ́n gbé e kọ́ ni, wọn ò ná an rí. Ó ka àmì rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀: àlàáfíà ní ìjáde, àlàáfíà ní ìwọlé. Ó ní ẹni tó bá ń rìnrìn àjò ni wọ́n máa ń fún, tàbí kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ìyá àgbà ní kí n ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ìyá àgbà di aṣọ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fà mí lọ́wọ́ padà sínú yàrá.

Nígbà tí àwọn òbí mi dé láti wá mú mi, wọ́n ti mú irọ́ wọn bọ̀. Màmá mi ni yóò wọlé lọ bá mudíírà, yóò ní òun lòun so ó, yóò ní gbogbo rẹ̀ owó ni. Ìyá àgbà jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ẹni tó so ó ni yóò tú u.”

Bàbá mi ní, “Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ńkọ́?”

“Wọ́n á rí mi. Ṣé wọn ò rí arúgbó rí ni?”

Ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó wọnú ọkọ̀. Lójú ọ̀nà, ọlọ́pàá gba ìkáámà bàbá mi, ìyẹn ìwé ìgbélùú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí obìnrin méjì nínú aṣọ dúdú àti ọmọ kan, ó ju ọwọ́ pé ká máa lọ. Jíjókòó sẹ́yìn bí ẹrù yẹn, tí màmá mi kórìíra ju ikú lọ, òun ló gbà wá lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi dúró sẹ́nu géètì rẹ̀. Nínú ọ́fíìsì mudíírà, èmi ni ògbufọ̀. Ìyá àgbà tú ìdì aṣọ, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí lèmọ́mù ṣe tò wọ́n. Ó ń wí, mò ń túmọ̀. Mudíírà mú owó pupa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sípẹ́lì rẹ̀ bí èmi náà ṣe sípẹ́lì rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Ó wá nàka sí aládàán. Ó ní èyí ńkọ́? Mo ti pèsè irọ́ náà sílẹ̀ ní Lárúbáwá, ó ti dé ahọ́n mi.

Ìyá àgbà ní, “Sọ fún un pé oògùn ni.”

Mo wo ojú màmá mi.

“Mo ní kí o sọ fún un. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo so ó. Mo ti mọ̀ báyìí.”

Mo sọ ọ́. Màmá mi di tábìlì mú. Mudíírà bi í bóyá ó gbà gbọ́ pé ó lè dáàbò bo ènìyàn.

Ìyá àgbà ní, “Bi í pé irú ààbò wo? Kí ẹni tó ni ín lè jáde nílé kó sì padà wọlé ní àlàáfíà ni wọ́n ṣe fún un. Ọwọ́ mi ló kú sí ní Kúdáì. Kò rí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ oògùn, oògùn ọ̀lẹ ni. Ọlọ́run nìkan ló ń mú ni jáde.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ dé orí ọ̀lẹ. Mudíírà fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn náà, ó yọ aládàán, ó ní òun yóò mú kí wọ́n yọ́ ọ. Ó da ìyókù padà. Ó ní kí n wọlé lọ́la, kí n má sì tún so ohun tó ń dún wá kírun mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bu kọfí fún Ìyá àgbà, ó ní òun fẹ́ yá owó Akusu fi han àwọn ọmọ kíláàsì wa.

A ti ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà Mẹ́kà nígbà tí wọ́n dá wa dúró. Ọlọ́pàá mìíràn ni, ọmọdé, tó ń fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ rí ìwé gbogbo wa. Màmá mi àti èmi wà nínú ìkáámà bàbá mi. Ìyá àgbà kò sí nínú ìwé kankan. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí. Ìyá àgbà ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lábẹ́ ìbòòji. Èmi àti màmá mi fi igbe ta.

Ó ní, “Ẹ dákẹ́. Wọ́n ń lé àgbàlagbà lọ sílé bàbá rẹ̀, ẹ wá ń sunkún.”

Ó yíjú sí ọlọ́pàá náà, ó fi Lárúbáwá tó fi ń ná ata bi í bóyá wọ́n máa ń fún ènìyàn lóúnjẹ nínú bàálù.

Wọ́n fi í sínú ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gbé e gba pápákọ̀ òfuurufú Hájì ní Jẹ́dà, òun àti àwọn Àlàájì tó ń lọ sílé. Wọn ò jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá mi rí i láti òkèèrè, ó ní ó ń bá ẹnì kan jà nítorí ìjókòó. Nígbà tó délé, ìròyìn tí a ń gbọ́ ni pé aràárọ̀ ni Ìyá àgbà ń wọṣọ, á jáde lọ dé oríta, á padà wọlé, á tún jáde. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ń lọ, á ní kò síbì kankan.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin mi na fóònù sí wọn láìpẹ́ yìí, kí n tó wá dígí ojú mi, fóònù ti dárúkọ ọba àti ìlú, ó sì ti mú ayédèrú yẹn. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé ọ̀lẹ ni gbogbo wa nígbà náà. Ó lọ ṣe úmúrà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Orí fóònù ló ti gba físà. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ láti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà, ó sì ya àwòrán ojú ọ̀nà ránṣẹ́ sí mi, ó ní, “Mọ́mì, wọn ò tiẹ̀ dá mi dúró.” Ọ̀nà tó mọ́ tónítóní ni, tí ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀. Mo fi ìka fa àwòrán náà gbòòrò, mo fà á títí kò fi ṣeé rí mọ́. Ó pè mí, ó ní kí ni mò ń wá nínú rẹ̀. Mo ní bẹ́ǹṣì kan ni, tí Ìyá àgbà jókòó sí nígbà tó ń béèrè oúnjẹ.